Bí Kòkòrò HIV Ṣe Ń Da Ọ̀rọ̀ Rú Láàárín Àwọn Ọmọ Ogun Ara

Ìyá kan tí wọ́n ń ta kajú yíyan lẹ́bàá títì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó mú mi jókòó kọ àlàyé yìí. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń wá gba oògùn ní ilé ìwòsàn ni. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, káàdì wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì juwọ́ pè mí. "Ọmọ mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, dókítà sọ fún mi pé sójà ara mi ti kéré jù. Nígbà tó yá, dókítà mìíràn tún sọ pé ara mi ń jà ju bó ṣe yẹ lọ, pé ìjà náà gan-an ló ń tán mi lókun. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Ṣé ìlú tí kò ní ọmọ ogun mọ́ ló tún ń jagun láti òwúrọ̀ dalẹ́?"

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn dókítà méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé ni ọ̀pọ̀ àlàyé tí à ń ṣe fún àwọn èèyàn wa kì í dé. Orúkọ tí a fún HIV lédè Yorùbá, ìyẹn kòkòrò apa-sójà-ara, dára, ó sì rọrùn láti rántí, àmọ́ ó ń jẹ́ kí a máa rò pé ńṣe ni kòkòrò náà ń pa sójà lọ́kọ̀ọ̀kan bí eku ṣe ń jẹ àgbàdo nínú àká, títí àká yóò fi ṣófo. Ohun tí HIV ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ba iṣẹ́ tí àwọn sójà wọ̀nyí ń rán síra wọn jẹ́: ó ń dí ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ kan, ó ń sọ òmíràn di ohun èlò ara rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìpè ogun máa dún láìdákẹ́ nígbà tí kò sí ẹni tó lè dáhùn bó ṣe yẹ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ara tó dá ṣáṣá ṣe ń ránṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn sójà ara, ìyẹn ẹyọ kékeré irú èyí tí a fi mọ gbogbo ara, wọn kò sì ní ẹnu tí wọn yóò fi sọ̀rọ̀. Àrokò ni wọ́n ń pa síra wọn, bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń ṣe kí ìwé kíkọ tó dé. Ẹni tó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Iye owó ẹyọ náà àti bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá yọ ẹyọ kan kúrò lójú ọ̀nà sì ti yí iṣẹ́ náà padà. Bákan náà ni sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ ránṣẹ́ máa ń tú èròjà kékeré kan jáde, tí sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wà fún sì ní ohun kan lára awọ rẹ̀ tí ìrísí rẹ̀ bá ti èròjà náà mu rẹ́gí. Láti ibí lọ, n ó máa pe ohun ara awọ yìí ní etí sẹ́ẹ̀lì. Bí èròjà náà bá ti wọ inú etí, iṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Interleukin ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà wọ̀nyí, ìtumọ̀ orúkọ náà kò sì ju "láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun" lọ.

Ẹ wá ro ti ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ lóko. Kí ó tó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kókó kan lè wú ní ìpìlẹ̀ itan rẹ̀, níbi tó jìnnà sí ojú egbò. Kókó yẹn ni ibi ìpàdé àwọn ọmọ ogun. Lábẹ́ awọ ẹsẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti alóre, tí kì í fi ojú ọ̀nà sílẹ̀. Alóre yìí á gbé kòkòrò tó bá ẹ̀gún wọlé mì, á gé e sí wẹ́wẹ́, á gbé ègé rẹ̀ kan sí ara awọ tirẹ̀ níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, á sì gba ọ̀nà kókó itan lọ. Ẹni tó fẹ́ fi ègé náà hàn ni sẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní CD4. CD4 kì í sì dìde nítorí ègé nìkan. Alóre gbọ́dọ̀ fi àmì kejì kún un, èyí tó fi hàn pé ewu wà lóòótọ́, kí ó sì tú èròjà jáde gẹ́gẹ́ bí àmì kẹta, láti sọ irú ogun tó dé. Ara ṣe ètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí sójà má baà gbógun ti onílé.

Nígbà tí CD4 bá gbà, òun ni balógun. Òun fúnra rẹ̀ kì í sábà pa ọ̀tá. Àṣẹ ló ń pa. Ó ń tú interleukin-2 jáde kí òun àti àwọn sójà mìíràn lè bí sí i. Ó ń ran sẹ́ẹ̀lì CD8 lọ́wọ́, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì ara tí kòkòrò ti fi ṣe ilé. Ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì B, alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọfà tí à ń pè ní antibody, irú ọfà tó yẹ kó rọ, kí ó sì máa pọ́n ọn títí tí yóò fi bá ojú ọ̀tá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan sì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n máa ń gbé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ mì, tí wọ́n sì ń há a mọ́ inú wọn. Agbára tí wọ́n fi ń há a mọ́ yìí wá láti inú iṣẹ́ kan tí balógun ń rán sí wọn lemọ́lemọ́, tí à ń pè ní interferon-gamma. Bí iṣẹ́ náà bá dáwọ́ dúró, kòkòrò tó ti wà nínú àhámọ́ láti ọdún pípẹ́ á fọ́ ilẹ̀kùn jáde. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí píìnì lọ, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ń ní CD4 bíi 500 sí 1,500. Bí iye náà bá wálẹ̀ ju 200 lọ, àwọn dókítà á sọ pé HIV ti di éèdì.

Àìsí balógun yìí ni wọ́n kọ́kọ́ rí kí ẹnikẹ́ni tó mọ kòkòrò náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1981, wọ́n ròyìn àwọn ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún ní Los Angeles tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan mú, irú èyí tí ara tó le máa ń lé lọ láìmọ̀ pé òun lé nǹkan lọ. Ọdún 1983 ni Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn rí kòkòrò náà ní Paris.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Etí sẹ́ẹ̀lì ló ń gbà wọlé. CD4 tí a fi ń pe balógun yìí, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn etí rẹ̀ ni, èyí tó fi ń di alóre mú kí ó lè ka ègé tí alóre gbé wá. Lára awọ HIV, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní gp120, tí ìrísí rẹ̀ bá etí CD4 yìí mu bí ẹni pé wọ́n wọn ọ́n. Nígbà tó bá so mọ́ ọn, gp120 á yí ìrísí padà, á wá etí kejì, tó sábà máa ń jẹ́ CCR5. Iṣẹ́ CCR5 nínú ara ni láti máa gbọ́ ìpè tí ibi tó fara pa ń ké, kí sójà lè mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọdún 1996 ni ìmọ̀ etí kejì yìí fojú hàn, ó sì tú àdììtú kan. Àwọn kan wà, pàápàá láàárín àwọn ará Yúróòpù, tí wọ́n jogún CCR5 tó gé kúrú lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, tí irú HIV tó wọ́pọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè ràn. Mùdùnmúdùn egungun irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tọ́jú Timothy Ray Brown ní Berlin láti ọdún 2007 nítorí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, HIV sì kúrò lára rẹ̀. Ìtọ́jú náà le, ó sì léwu ju kí a fi wo ẹni tó lè lo oògùn lọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn gbangba pé bí etí náà kò bá sí, ilẹ̀kùn ti tì.

Lẹ́yìn tó bá wọlé, kòkòrò náà á da ìwé àṣẹ rẹ̀, tó jẹ́ RNA, kọ sí DNA, irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ ìwé tirẹ̀, á sì rán an mọ́ àárín ìwé sẹ́ẹ̀lì náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó ti di ọmọ ilé. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá pín sí méjì, á pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ibi tí n ó fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ rèé, nítorí pé níbí ni ẹ̀tàn HIV ti jinlẹ̀ jù. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé etí sẹ́ẹ̀lì níta, ìránṣẹ́ kan wà nínú tó ń gbé e lọ síbi tí ìwé DNA wà, bí ìlàrí ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ Aláàfin jáde láàfin Ọ̀yọ́, tí ibikíbi tó bá dé, bí ẹni pé ọba fúnra rẹ̀ ló dé ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ni NF-kappa B. Bí alóre bá ti ké pe balógun sí ogun, NF-kappa B á gbéra, á wá àwọn ojú ìwé tó ní àmì kan tó mọ̀, á sì ní kí wọ́n ka àwọn ojú ìwé náà síta kí iṣẹ́ ogun lè bẹ̀rẹ̀. HIV ti kọ àmì kan náà sí iwájú ìwé tirẹ̀. Ìlàrí kò mọ̀ pé àlejò ni. Ó rí àmì, ó pàṣẹ, sẹ́ẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kòkòrò. Ìpè tó yẹ kó kó sójà jọ lòdì sí ọ̀tá ti di ìpè tí ọ̀tá fi ń bí sí i. Ìdí nìyí tí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ibà fi lè mú kí HIV pọ̀ sí i lára ẹni tí kò tíì máa lo oògùn: ìgbà tí ara bá dìde ogun ni ọ̀nà ń là fún kòkòrò náà. Lára ẹni tí kò gba ìtọ́jú, bílíọ̀nù mẹ́wàá kòkòrò tuntun lè jáde láàárín ọjọ́ kan.

Òdìkejì rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Àwọn balógun mìíràn tí kòkòrò ti wọ̀ máa ń padà lọ sinmi lẹ́yìn ogun, gẹ́gẹ́ bí ìṣe sójà tí ara fi ń rántí ọ̀tá àtijọ́. Bí wọ́n bá ti sùn, ìlàrí kò jáde mọ́, kò sí ẹni tó ka ìwé kòkòrò náà, kò sì sí ohun tó hàn níta tí ara tàbí oògùn lè mú. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Ẹ̀yà àjogúnbá, ìyẹn gene, tí HIV ní kò ju mẹ́sàn-án lọ, nígbà tí tiwa tó bíi 20,000, ṣùgbọ́n ó ń lo ìwọ̀nba díẹ̀ náà bí ẹni tó mọ ilé wa ju àwa lọ. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló máa ń pàtẹ ègé ohun tó ń ṣe nínú síta, bí ìyálọ́jà ṣe ń pàtẹ ọjà, tí CD8 á sì máa kọjá, á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rí ègé kòkòrò lórí àtẹ, á pa sẹ́ẹ̀lì náà. HIV ní ohun kan tí ń jẹ́ Nef, iṣẹ́ rẹ̀ kan ni láti ká àtẹ náà kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ti ro ti irú ẹ̀tàn yìí: àwọn ọdẹ mìíràn wà tí wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì tí wọn kò bá rí àtẹ níwájú rẹ̀ rárá. Nef kì í sábà fọwọ́ kan irú àtẹ tí àwọn ọdẹ yẹn ń wò. Àwọn tí CD8 ń kà jù ló ń ká. Mo ti ń ka nípa kòkòrò yìí láti ọdún pípẹ́, síbẹ̀ ibi yìí ṣì máa ń dá mi dúró. Nef tún ń fa etí CD4 kúrò lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti gbà, débi pé bí balógun náà bá tilẹ̀ wà láàyè, kò lè ka iṣẹ́ alóre dáadáa mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Vpu máa ń já okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń so kòkòrò tuntun mọ́lẹ̀ kó má baà lọ, nígbà tí Vif ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pa ohun ìjà kan tó ní run, ìyẹn APOBEC3G, tí ì bá ba ìwé kòkòrò jẹ́ nígbà tí wọ́n ń dà á kọ.

Ní ti bí àwọn balógun ṣe ń kú, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kú kì í ṣe àwọn tí kòkòrò ti sọ di ilé iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014, lórí ẹran ara tí wọ́n gé láti inú àwọn kókó bí èyí tó wà ní ọ̀fun, ó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì CD4 tó ń kú tó jẹ́ èyí tó ń sinmi, tí kòkòrò gbìyànjú láti wọ̀ ṣùgbọ́n tí kò rọ́nà parí iṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà fura pé ìwé àjèjì wà nínú òun, ó sì gbẹ̀mí ara rẹ̀ kí ilé yòókù lè là. Ìpinnu akọni ni ì bá jẹ́ bó bá kú ní ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń bẹ́ bí ìgbà tí iná jó ilé ẹ̀tù, tí interleukin-1 tó wà nínú rẹ̀ á sì tú síta, iṣẹ́ tí interleukin-1 sì ń jẹ́ ni pé ibí ń jóná, ẹ wá gbà wá. Àwọn balógun mìíràn á sáré wá, àwọn náà á bọ́ sọ́wọ́ kòkòrò. Ikú kan ń pe ikú mìíràn.

Ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ jù, tí ó sì tètè ṣẹlẹ̀ jù, ni inú ìfun. Ẹ̀jẹ̀ la máa ń gbà fún àyẹ̀wò, nítorí náà a máa ń rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ni sójà wà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìfun ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, nítorí pé ibẹ̀ ni oúnjẹ àti kòkòrò òde ti ń pàdé ara. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí HIV bá wọ ara, á ti pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn balógun ìfun, títí kan àwọn tí iṣẹ́ wọn ń jẹ́ kí ògiri ìfun máa dí ojú ara rẹ̀. Ògiri náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ègé kòkòrò inú ìgbẹ́, tí kò yẹ kó kọjá, á máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, gbogbo alóre tó bá sì rí i á fi ìpè ogun síta.

Ìdáhùn ìbéèrè ìyá oníkajú nìyẹn. Lóòótọ́, balógun ti dín kù lára wọn. Lóòótọ́ náà, ìpè ogun kò dákẹ́, nítorí pé ògiri ń jò, kòkòrò ń bí sí i, àwọn tó ń kú sì ń pariwo bí wọ́n ti ń kú. Ìpè yẹn ló ń jí àwọn sójà tó kù, tó sì ń sọ wọ́n di oúnjẹ. CD8 tí wọn kò jẹ́ kó sinmi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé etí kan tí ń jẹ́ PD-1 sí ara awọ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Etí yìí ni ara fi ń gbọ́ "ó tó", kí ìjà má baà ba ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ara ẹni tó ní HIV, "ó tó" yìí á máa dún nígbà tí ọ̀tá ṣì wà níwájú, sójà náà á dúró gbagidi, ohun ìjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yìn ín. Sẹ́ẹ̀lì B ní tirẹ̀ á máa rọ ọfà ní àrọ̀pọ̀jù, ṣùgbọ́n láìsí balógun tí yóò sọ ojú tó yẹ kó pọ́n, ọfà tí kò bá ọ̀tá kankan mu ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ọfà inú rẹ̀ lè ga ju ti ẹni tó le lọ, síbẹ̀ kí ikọ́ kékeré máa dá a dùbúlẹ̀. Gbogbo èyí lè gba nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó hàn lójú, nítorí náà ni ojú kò fi ṣeé wò mọ ẹni tó ní in.

Oògùn tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà báyìí jẹ́ hóró kan lóòjọ́, tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Tenofovir àti lamivudine ń dí kòkòrò lọ́wọ́ níbi tó ti ń da ìwé rẹ̀ kọ. Dolutegravir kì í jẹ́ kó rán an mọ́ ìwé sẹ́ẹ̀lì. Kò sí èyí tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn láti lọ já ìwé tó ti wà níbẹ̀ kúrò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dáwọ́ oògùn dúró, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti le koko, fi sábà máa ń rí i pé kòkòrò ti padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kan ti jí, ìlàrí ti jáde. Wọ́n ti dán an wò rí, lára 5,472 èèyàn ní orílẹ̀-èdè 33, bóyá a lè fún ara ní ìsinmi kúrò lórí oògùn bí CD4 bá ti ga. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tó dá a dúró ló ṣàìsàn jù, tí wọ́n sì kú jù, àìsàn ọkàn sì wà lára ohun tó bá wọn jà, nítorí pé ìpè ogun tí kò dákẹ́ máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú jẹ́.

Mo ti rí ike oògùn tí wọ́n ki òwú bọ̀ kó má baà máa ró nínú báàgì, kí aládùúgbò má baà béèrè. Bí òwú yẹn bá ń jẹ́ kí ẹnì kan lè gbé oògùn rẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn láìbẹ̀rù, tó sì lò ó ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú mi dùn sí òwú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí pé a nílò rẹ̀.

Ìyá náà tún bi mí nígbà tí mo parí pé, "Tí mo bá ń lo oògùn yìí láìpa ọjọ́ kan jẹ, ṣé ìpè ogun náà á dákẹ́?" Mo ní yóò rọlẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ògiri ìfun kì í yára jinná, ó sì lè ku díẹ̀ tí yóò máa dún lábẹ́lẹ̀, nítorí náà ni dókítà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wọn wò pẹ̀lú. Wọ́n na káàdì sí mi, wọ́n ní kí n fi ìka tọ́ka sí èyí tó yẹ kí àwọn máa bi nọ́ọ̀sì. Mo fi hàn wọ́n pé iye CD4 ń sọ bí ọmọ ogun ṣe kù sí, àti pé iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ bóyá ọ̀tá ṣì ń bí sí i. Iye kòkòrò tiwọn kò tó 200 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, tí ó túmọ̀ sí pé bó bá dúró bẹ́ẹ̀, wọn kò lè kó o ran ọkọ wọn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Wọ́n ní kí n tún ìyẹn sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n dá káàdì padà sínú ọ̀rá, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n ní oòrùn ti ń mú, kajú àwọn wà níta.